Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ̀ Ń Gbé Kúlà Lọ Sóde, Ẹ Dúró Ná

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín.

Lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú báírò lónìí, èyí tó ní ìyá àfẹ́sọ́nà òun fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún ní Sùúrùlérè, tó wá ń bèèrè pé kí lòun máa gbé lọ tójú ò fi ní ti òun. Àwọn tó dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, òmíì ní kó ra kúlà, òmíì ní kó ra aago ara ògiri, ẹnì kan tiẹ̀ ní kó ṣáà ti ra nǹkan tó bá tóbi, pé èyí tó bá tóbi làwọn èèyàn ń rí. Ẹ dákun ẹ fún mi láyè kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mò ń ta kúlà yẹn. Ọdún 27 rèé tí mo ti wà ní Ìdúmọ̀tà, lápá Dosunmu, kúlà ni o, fúláàsì ni o, abọ́ ọlọ́mọrí, tíréè, gbogbo nǹkan oníke pátá, kò sí bí ará Èkó ṣe ń ra ẹ̀bùn òde tójú mi ò tíì rí.

Ẹ wá wo Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tó bá ti ń lọ sí bí aago 11, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dé, aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn, gèlè wà nínú nylon lọ́wọ́, ọkọ ti wà nínú mọ́tò lọ́hùn-ún tó ń fọn fèrè pé kí wọ́n ṣe kíá. Wọn ò ní kí mi tán tí wọ́n á fi ní, "Mummy, kí lẹ ní tó tóbi àmọ́ tówó ẹ̀ ò pọ̀?" Màá bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ fún, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin, ṣé àgbàlagbà ni, ilé ẹ̀ ńkọ́, ṣé èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Mummy, ẹ ṣáà bá wa wé e, a ti pẹ́." Èmi náà á wé e, màá so ríbọ́ǹnù mọ́ ọn lórí, màá gbowó mi. Ṣé kí n máa lé oníbàárà ni?

Ó di ọdún tó kọjá tí èmi náà pé 60, àwọn ọmọ mi yarí pé àfi ká ṣe é, wọ́n gba họ́ọ̀lù ní Èbúté Mẹ́ta, a pe èèyàn 250, àwọn tó wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ẹ̀ kúkú jẹ́ bi mí, ẹ mọ Èkó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó dùn. Ní Mọ́ńdè la jókòó ká tú ẹ̀bùn. Kúlà 9. Èmi tí mò ń ta kúlà o! Aago ògiri 6, wọ́n ya ojú mi sí inú méjì, nínú ọ̀kan, ọwọ́ aago gba àárín imú mi kọjá. Kẹ́tùlù oníná 4, iná tí a ò rí lò. Ọmọ mi obìnrin wá gbé kúlà pupa kan tó rẹwà gan-an, ó dojú ẹ̀ dé kó lè nu eruku ìdí ẹ̀, ló bá ké, "Mummy, ẹ wá wo nǹkan!"

Mo wò ó. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi máákà aláwọ̀ búlúù kọ síbẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀bù mi ni! Bí ọmọṣẹ́ mi ṣe máa ń kọ ọ́ sí ìdí ọjà nìyẹn, ká lè mọ iye tá a rà á láìjẹ́ pé oníbàárà mọ̀, ó sì máa ń kọ R rẹ̀ bí ẹni pé K ló fẹ́ kọ tó wá yí èrò padà. Nígbà tí a ṣí kúlà yẹn, nylon inú ẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, wọn ò tú u rí, káàdì kékeré kan wá wà lábẹ́ nylon náà, "Ẹ kú oríire ilé tuntun." Èmi ò kọ́lé kankan lọ́dún tó kọjá o. Èyí ni pé ẹnì kan ló ra kúlà yẹn lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ síbi ìṣílé, onílé tuntun gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí ìnáwó tèmi dé ó gbé e jáde, ó ra bébà tuntun, ó tún un wé, ó gbé e wá bá mi. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó gbé e wá torí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí, èmi àti ẹ̀ ṣì ń kíra. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ló wá ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó gbé e wá o, ti ara mi ni, torí ọwọ́ mi yìí ni mo fi wé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mo so ríbọ́ǹnù mọ́ ọn, tí mi ò sì mọ ẹni tó ń lọ bá.

Nínú gbogbo ẹ̀bùn ọjọ́ yẹn, èyí tí mò ń lò títí dòní, aláàárù ló fún mi. Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wa ru ẹrù láti ìdí ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò tiẹ̀ fún un ní káàdì ìnáwó, mo kàn sọ fún gbogbo wọn pé tẹ́ ẹ bá ráàyè ẹ yà kẹ́ ẹ wá jẹ ìrẹsì. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá bá mi, ó ní Màmá ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde díẹ̀ kí n wọn ibí yìí, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá páálí ọjà tuntun máa gba ibẹ̀. Okùn ló fi wọ̀n ọ́n. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú ẹ̀ dé ni mo máa ń jókòó lé nígbà yẹn, ó ti tó ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ló dé tí èmi tí mò ń ta ọjà ilé fún gbogbo ayé fi ń jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi gan-an ò bi ara mi. Orókún sì ti ń dà mí láàmú, tí mo bá fẹ́ dìde màá kọ́kọ́ di irin gèètì mú, màá pe Jésù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè nàró tán. Ọmọ yìí ti ń wò mí látọjọ́ yìí.

Lọ́jọ́ ìnáwó kò gbé nǹkan kan dání. Ó jẹun, ó jó, ó bá wọn kó àga, ó lọ. Túsìdeè tí mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bá àpótí ìjókòó kan níbi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń wà. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ó fi bí ìka mẹ́rin ga ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ọwọ́ ìgbáralé kan ṣoṣo ló ní, apá ọ̀tún, torí apá ọ̀tún ni mo máa ń fi tì í tí mo bá fẹ́ dìde. Wọ́n tẹ́ fóòmù sórí ẹ̀, wọ́n wá fi ańkárá bò ó, ańkárá ọjọ́ ìbí mi gan-an o! Ègé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀ tó rán aṣọ fáwọn ọmọ mi ló lọ tọrọ. Ẹ sọ fún mi, èló ni gbogbo ẹ̀? Mo mọ̀ pé kò tó owó kúlà kan. Orí ẹ̀ náà ni mo jókòó sí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí.

Mi ò ní kúlà ò dáa o, ẹ má ba ọjà mi jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú wa kì í sí lára ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ara àwọn tó máa rí wa tá a bá ń gbé ẹ̀bùn wọlé lojú wa wà. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa kì í ṣe báyẹn. Ẹ wo ẹrù ìyàwó, bó ṣe pọ̀ tó, iṣu 42, obì, orógbó, ataare, oyin, èwo nínú ẹ̀ ni kò ní ọ̀rọ̀ tí alága máa sọ nípa ẹ̀? Orógbó, kí wọ́n gbó. Obì, kó bi ibi lọ. Oyin, kí ayé wọn dùn. Kí ni alága fẹ́ sọ nípa kẹ́tùlù oníná?

Èmi náà ti ṣìṣe rí, kẹ́ ẹ má rò pé mo mọ́. Ó ti tó ọdún 10 báyìí, Alhaja kan tá a jọ ń ṣe àjọ ní Lafiaji pè wá síbi ìṣílé, mo lọ ra wáìnì ìgò méjì, èyí tí ò ní ọtí nínú o, mo fi bébà góòlù wé e, mo fi ìyangàn gbé e lé e lọ́wọ́ níṣojú àwọn Alfa. Ta ló máa dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò? Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ṣé, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò rí i mọ́ títí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Bí mo bá ti bi ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ́ wa, wọn ì bá ti sọ fún mi pé kí n ra ẹní ìkírun tó nípọn, àbí dàbínù tó dáa, ààwẹ̀ ò kúkú jìnnà nígbà yẹn. Láti ọjọ́ náà, mi ò lọ ilé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kíkún kí n má kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọn kì í jẹ àti ohun tí wọn kì í mu. Ṣúgà ńkọ́? Ẹ̀ẹ́ gbé kéèkì onípele mẹ́ta lọ fún bàbá tí dókítà ti ní kó jìnnà sí nǹkan dídùn, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ìsọmọlórúkọ náà, ọjọ́ kẹjọ, ọmọ tuntun, gbogbo ayé á ra aṣọ tó tó ìka. Kí oṣù méjì tó pé ọmọ ti ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ ra èyí tó máa wọ̀ nígbà tó bá ń rákò. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ rántí ìyá ìkókó fúnra ẹ̀, òun ló bímọ, kò sẹ́ni tó ń fún un ní nǹkan kan àyàfi pé ẹ kú ewu ọmọ. Fúláàsì tó ń gbóná tọ́jọ́ ni mo máa ń fi ta wọ́n lọ́rẹ, torí òru ló máa ń wá omi gbígbóná, òru sì ni gáàsì máa ń tán. (Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń ta fúláàsì. Òótọ́ ṣì ni.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àsìkò torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀bùn tó máa ń ran olóde lọ́wọ́ jù, kì í dé lọ́jọ́ òde. Ọjọ́ Fúráìdè tó ṣáájú ọjọ́ ìbí mi, ọkàn mi ti fò lọ, owó ti tán lọ́wọ́ mi, kátárà ń pè pé gáàsì, ẹni tó máa gbé jẹnẹrétọ̀ wá ní àfi tá a bá fi owó epo ránṣẹ́. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ìjọ wa pe ọmọ mi, kò pe èmi o, ó ní èwo ni ẹ ò tíì rà? Ọmọ mi ní píọ̀ wọ́tà. Obìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan mọ́, lọ́jọ́ kejì kéékè marúwá dé sí họ́ọ̀lù láago 8 àárọ̀ pẹ̀lú àpò píọ̀ wọ́tà 40 àti áìsì bílọ́ọ̀kù. Ẹ ṣírò ẹ̀: 20 ló wà nínú àpò kan, 40 àpò jẹ́ 800. Èèyàn tó lé ní 250, oòrùn Èkó, jọ̀lọ́fù tó ta! Àwọn tó wá ò mọ̀ pé ẹ̀bùn lomi tí wọ́n ń mu. Kò sí ríbọ́ǹnù lára ẹ̀. Àmọ́ èmi mọ̀, màá sì san án fún un lọ́jọ́ tiẹ̀, tó bá di ti òkú ìyá ẹ̀ àbí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àpò ìrẹsì 50 kílò tẹ́ ẹ gbé ránṣẹ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ẹ̀gì òróró, owó àga, ìwọ̀nyí ni olóde ń fi orúkọ yín gbàdúrà lé lórí. Àbí kẹ́ ẹ yọjú ní Sọ́ńdè, nígbà tí ìkòkò wà nílẹ̀ tí gbogbo ẹbí ti sá lọ.

Ti owó ńkọ́? Èmi ò rí ohun tó burú nínú ẹ, ọ̀pọ̀ olóde ló jẹ́ pé owó gan-an ni wọ́n fẹ́, ojú ló ń tì wọ́n. Àmọ́ ẹ fi sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sí i gàdàgbà, torí mo rí ẹ́ńfílọ́ọ̀pù márùn-ún tí kò lórúkọ lọ́dún tó kọjá, títí dòní mi ò mọ ẹni tí mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì wúwo o. Tó bá jẹ́ tránsífà, ẹ kọ orúkọ tí olóde mọ̀ yín sí, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ yín tí kò gbọ́ rí. Ti níná owó mọ́ni lórí yẹn, ẹ jẹ́ ká rọra. Ó wà nínú òfin CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti ọdún 2007, abala 21, ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde àríyá tàbí tó ń jó lórí ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ń ta owó tuntun lẹ́nu ọ̀nà họ́ọ̀lù, òfin yẹn kan náà ló mú wọn. A jọ wà l'Ékòó yìí ní 2024 nígbà tí kóòtù rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò, ẹ bi olóde, èló ló délé nínú owó yẹn? Onílù kó tiẹ̀, àwọn tó ń bá a ṣa á náà kó tiwọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ti ra aṣọ ẹbí, ẹ̀bùn náà nìyẹn. Ó dọwọ́ iye tí wọ́n tà á fún yín. Tí olóde bá ti jèrè lórí ẹ̀, mi ò lè bá yín jà.

Ó yá, ọmọ mi tó kọ lẹ́tà, gbọ́. Má lọ yáwó. Ẹni máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á wò, àwọn àna ẹ mọ ibi tí ò ń ṣiṣẹ́, ibi tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sì ni wọ́n á ti máa retí ẹ. Jókòó ti àfẹ́sọ́nà ẹ, kí o ní kó sọ nípa ìyá ẹ̀ fún ẹ, kí ni màmá ń ṣe láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí kò sí àlejò, kí ló bà jẹ́ nínú ilé tí wọ́n ti pa tì, ìtàn wo ló ń sọ ní gbogbo ìgbà títí ó fi sú wọn. Tó bá jẹ́ pé rédíò ló máa ń gbọ́, ra èyí tó ń lo bátìrì tó sì ṣeé ṣáàjì, tí bọ́tìnnì ẹ̀ tóbi. Tó bá jẹ́ Bíbélì, ra onílẹ́tà gàdàgbà, ojú 70 kì í ṣe ojú 30. Tí fọ́tò àwọn òbí màmá bá wà nílé tó ti ń pa rẹ́, ní kí àfẹ́sọ́nà ẹ fi fóònù yà á, kó má yọ ọ́ kúrò nílé o, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-fọ́tò kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n fi férémù sí i. Ìyẹn, mo fẹ́ rí ẹni tó máa tún un wé fún ẹlòmíì.

Ohun yòówù kó o rà, má gbé e wá sí họ́ọ̀lù. Gbé e lọ sílé lálẹ́ Fúráìdè tí ilé ò tíì kún, dọ̀bálẹ̀ dáadáa, má ṣe ìdọ̀bálẹ̀ tí wọ́n fi ń wá nǹkan tó jábọ́, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, kí o má sọ iye tó o rà á. Lọ́jọ́ kejì kí ọwọ́ ẹ ṣófo kó o lè bá wọn gbé àga.

Tó bá wá jẹ́ pé kúlà ni màmá ń fẹ́ lóòótọ́, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Má wá ní Sátidé. Wá ní Wẹ́sìdeè tí ọjà ò le, sọ fún mi èèyàn mélòó ló máa ń jẹun nílé wọn ní Sọ́ńdè, màá fún ẹ ní èyí tó bá wọn mu, màá sì ní kí ọmọṣẹ́ mi fi sípírítì nu ìdí ẹ̀ dáadáa kó tó wé e.

Èmi ni tiyín,
Màmá Oníkúlà,
Ìdúmọ̀tà, Èkó.